Lẹ́búlẹ́bú Pupa Inú Yàrá Sáyẹ́ǹsì

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Olúwakẹ́mi, tíṣà kẹ́mísìrì ní Inísà, ṣí yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wọn, tó rí i pé olè ti jà á. Iṣẹ́ oṣù kan ti di àwátì.

Ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, torí náà ọ̀kadà ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Dàmọ́lá gùn wá láti Ìkìrun. Ó yẹ àgádágodo wò. Kò sí ẹni tó fi irin kàn án.

"Kí ni wọ́n jí gan-an?"

"Sílíkà ni, sà. Yanrìn tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, mo wá fi kẹ́míkà pa á láró, mo rọ ọ́ sínú àwọn ọ̀pá gíláàsì. Òjé wà nínú odò wa, àmọ́ ó kéré débi pé ẹ̀rọ yunifásítì ò lè rí i. Tí mo bá ń da omi odò gba inú lẹ́búlẹ́bú yìí kọjá, omi á lọ, òjé á lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní tẹ́lẹ̀. Tó bá ti gbá òjé jọ, á di pupa. Ásíìdì díẹ̀ la máa fi ṣàn án kí òjé lè tú sílẹ̀, kí ẹ̀rọ lè wá rí i."

"Àwọn wo ni wọ́n kó?"

"Àwọn tó ti pupa nìkan. Wọn ò fọwọ́ kan àwọn tuntun."

Dàmọ́lá wo àwọn ọ̀pá tó ṣẹ́ kù. Wọ́n tò wọ́n dáadáa, bí ẹni tó mọyì wọn.

Gbogbo Inísà ló ń nàka sí Matthew, tó ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù lápá òkè odò. Inú ń run àwọn ọmọdé tó ń mu omi odò náà. Ẹ̀bùn, ọmọ Jọkẹ́ tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé, kò lè dìde nílẹ̀ mọ́.

Matthew fa ojú ro nígbà tó rí ọlọ́pàá. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí! Èmi lẹ wá fi ṣe àjẹ́ àná. Ọ̀gá, Òkukù ni mo wà láti ọjọ́ Ẹtì, a lọ sìnkú bàbá ìyàwó mi. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wọbẹ̀, ẹ ò ní bá ọ̀pá kan ṣoṣo níbẹ̀."

Dàmọ́lá dé Òkukù. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bó ṣe ń padà bọ̀.

Ó pe Olúwakẹ́mi, wọ́n jọ lọ sílé Jọkẹ́. Orí ẹní ni Ẹ̀bùn wà, ó sùn lọ. Òórùn kíkan omidùn, omi orí ògì, gba inú yàrá náà. Ìgò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, nǹkan kan ti silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ̀yin lẹ kó o," Dàmọ́lá sọ.

"Èmi kẹ̀? Mi ò jalè rí láyé mi!"

"Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹ̀rí rẹ́, gbogbo rẹ̀ ló máa fọ́. Èyí tó pupa nìkan lẹni yìí kó, ó sì rọra kó o, àfi bí ẹni tó fẹ́ lò ó. Kò já ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i, ọwọ́ yín sì ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà. Kí lẹ rẹ sínú ìgò yẹn?"

Jọkẹ́ bú sẹ́kún. "Ṣebí Àǹtí yìí ló sọ ọ́ fún gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó máa ń fa òjé jáde nínú omi? Mo ní bó bá lè fà á nínú odò, á fà á nínú ọmọ mi. Èyí tó pupa ni mo mú, torí òun ló ti fi hàn pé òun ń ṣiṣẹ́. Mo rẹ ẹ́ sínú omidùn, bí ìyá mi ṣe máa ń rẹ egbòogi."

Olúwakẹ́mi dìde fùú, ó tún jókòó. "Omidùn? Omi kíkan? Yéè! Kíkan ló máa ń tú u sílẹ̀. Kò fa nǹkan kan o, Ìyá Ẹ̀bùn. Òjé tí mo kó jọ látinú gbogbo omi yẹn, ọmọ yìí lẹ fún mu."

"Báwo ni èyí tó ti mu ṣe pọ̀ tó?" Dàmọ́lá bi í. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Dàmọ́lá gbé ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. Oògùn tó ń fa òjé jáde lára wà láyé, kò kàn sí lọ́dọ̀ àwọn, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i nítòsí. Olúwakẹ́mi ń tún un sọ ṣáá pé òun lè tún ẹ̀rí kó jọ, pé Matthew ò lè mú un jẹ, àmọ́ Ẹ̀bùn ńkọ́? Inú bí Dàmọ́lá, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí. Jọkẹ́ na ọwọ́ méjèèjì sí i pé kó de òun. Kò lè dè é.

Ẹ̀bùn lajú. Ó rí aṣọ ọlọ́pàá, ó rí ẹkún ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má mú màmá mi," ó ní, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. "Ó korò, àmọ́ mi ò pọ̀ ọ́. Mo gbé e mì."

Dàmọ́lá sọ fún un pé ó ṣeun.