Àlọ Ẹni Mẹ́ta

Ìyẹ̀fun ti bo ọkùnrin náà láti orí dé ìgbọ̀nwọ́ nígbà tó yọ jáde látẹ̀yìn ààrò búrẹ́dì. Ìpéǹpéjú rẹ̀ pàápàá funfun. Aránṣọ tó wá ra búrẹ́dì àárọ̀ fún bàbá rẹ̀ fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé pa mọ́ra. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi lẹ fi ń rẹ́rìn-ín, Àǹtí?"

"Ẹ má bínú. Mo rò pé bàbá arúgbó kan ló ń bọ̀ ni."

"Ó dáa. Ẹ wá kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà."

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oníbúrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búrẹ́dì gbígbóná dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó ní ọ̀nà òun ni, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀ rárá. Bàbá aránṣọ, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin tí gbogbo àdúgbò sì ń pè ní Bàbá Rélùwéè, kì í fẹ́ jẹun àárọ̀ mọ́ àfi tí oníbúrẹ́dì bá jókòó tì í. Àwọn méjèèjì á máa jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, aránṣọ á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ìfẹ́ ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lára wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì dùn mọ́ ọn.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe tẹ̀ wọ́n láago láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní kí Bàbá máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ òun, kó lè máa rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Inú Bàbá dùn dẹ́yìn. Ọkàn aránṣọ dàrú. Látìgbà tí ìyá wọn ti kú, ọwọ́ rẹ̀ ni Bàbá ti ń jẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń mu.

"Mo máa bá wọn lọ," ló sọ fún oníbúrẹ́dì.

"O máa padà?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí n tẹ̀ lé ọ ńkọ́? Kò síbi tí wọn kì í ti í jẹ búrẹ́dì."

"Kí o fi ilé búrẹ́dì tí o fọwọ́ ara rẹ kọ́ sílẹ̀? Rárá o, ààyò mi."

Oníbúrẹ́dì ò bá a jà. Ó kàn gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù, ó di ọwọ́ aránṣọ mú. Aránṣọ sunkún délé.

Bàbá rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí oníbúrẹ́dì wá bá wọn ṣètò ìrìn-àjò. Kò sí ìgbà tí ìdílé náà fẹ́ rìnrìn àjò tí Bàbá kì í to àga pálọ̀ bíi ti inú ọkọ̀ ojú irin, kí kálukú lè mọ àyè rẹ̀. Ó to mẹ́ta.

"Èyí ni àlọ. Èmi rèé lójú fèrèsé. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó tì mí."

"Bàbá, oníbúrẹ́dì ò bá wa lọ."

"Ta ló ń wakọ̀, èmi àbí ìwọ?"

Wọ́n jókòó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Bàbá ní kí wọ́n dìde. Ó yí àga méjì padà sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, ó gbé ẹ̀kẹta lọ sí kọ̀rọ̀.

"Èyí ni àbọ̀."

"Àga tiyín dà, Bàbá?"

"Èmi ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. O ti tọ́jú mi tó, ọmọ mi. Mo fẹ́ kí o padà wá sílé ara rẹ." Ó yíjú sí oníbúrẹ́dì. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ ọmọ mi sílé ò ní jókòó tì í nínú ọkọ̀ mi o."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣègbéyàwó kí á tó gbéra," ni oníbúrẹ́dì fèsì lójú ẹsẹ̀.

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́?"

Aránṣọ nu ojú rẹ̀. Ó lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú àga méjèèjì, ó sì fọwọ́ lu èkejì pé kí oníbúrẹ́dì wá jókòó.