Ayùn Tó Ju Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Lọ

"Má gbé e sílẹ̀ o. Mò ń bọ̀." Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì tó ni ṣọ́ọ̀bù yí ẹ̀yìn padà, ó ń tú agolo kan bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tó tóbi jù lọ níbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ahọ́n irin rẹ̀, tí ṣéènì eléyín ń sáré yípo lórí rẹ̀, gùn tó ínṣì mẹ́rìnlélógún. Apá ọmọ ti ń gbọ̀n. Ó di eyín pọ̀, ó ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ìnagijẹ ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́, àwọn ọmọ kíláàsì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ká sòótọ́, ọmọbìnrin náà tín-ín-rín. Bó bá fẹ̀gbẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn lè rò pé ẹnu ọ̀nà ṣófo. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dùn ún tó kí wọ́n máa rán an létí.

"Ó tó, sọ ọ́ kalẹ̀," Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì wí nígbà tó padà dé. "Mo rí apá ẹ. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í gé igi, ara ẹni tó ni ín ló ń gé. Báwo ni igi yín ṣe nípọn tó?"

"Bí itan àgbà ọkùnrin, mà."

"Kò tó ínṣì mẹ́wàá nìyẹn. Gba ti ínṣì mẹ́rìnlá yìí. Ó yẹ kí ahọ́n ayùn ju igi lọ díẹ̀ ni. Tó bá gùn jù, orí ẹ̀ á máa yọ sí ibi tí ojú ẹ ò tó."

Ariwo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sìn ín wá, bú sẹ́rìn-ín. "Èwo? Bíńtín yìí? Ṣé irun lo fẹ́ fi gẹ̀ ni? Jẹ́ kí n délé ìwé ná, gbogbo kíláàsì ló máa gbọ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lára. Ó tún rántí ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ. Láti kékeré rẹ̀ ni bàbá ti ń fi àáké la igi fún ààrò tí ìyá rẹ̀ fi ń yan búrẹ́dì, tí yóò sì máa wí pé, "Àáké tó bá wúwo, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́." Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àáké, kí ló dé tí kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún ayùn?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn bàbá ti dá iṣẹ́ àáké dúró. Dókítà ní bó bá tún gbé àáké sókè, ó lè má lè dá rìn mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ ra ayùn, tí wọ́n sì ní kí Pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò ìparí sáà tán, lọ mú èyí tí òun máa lò. Bàbá sì kìlọ̀ fún un: "Èyí tí ọlọ́jà bá ní kó o mú, òun ni kó o mú."

"Ńlá yìí ni mo fẹ́, mà," Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì wò ó títí. "Ó dáa. Má da epo sí i kí bàbá ẹ tó rí i o. Tí epo bá ti kàn án, mi ò gbà á padà."

Nígbà tó délé, bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì igi. Ó tẹjú mọ́ ayùn náà. "Ṣé èyí ò tóbi jù? Kí ni wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Wọ́n ní òun ló dáa jù, Bàbá."

Irọ́ funfun báláú! Kí bàbá má baà tún béèrè nǹkan míì, ó yára da epo sí i, ó fa okùn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ké.

Ó fi eyín ayùn lé igi àkọ́kọ́. Ahọ́n gígùn náà kọjá igi, orí rẹ̀ lọ kan igi mìíràn tó wà lẹ́yìn, níbi tí ojú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò tó. Kó tó ṣẹ́jú, ayùn ta sókè, ó yí padà sí i. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó gé etí gèlè rẹ̀ já, ó bọ́ lulẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn láàárọ̀, a ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó ń yẹ ojú ọmọ rẹ̀ wò, ó yẹ ọrùn wò, ó yẹ èjìká wò. "Ṣé ó kàn ẹ́? Sọ̀rọ̀! Ṣé ó kàn ẹ́?"

"Kò kàn mí, Bàbá."

"Háà! Ọpẹ́ o. Ọpẹ́ o." Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Ayùn yìí ò tún gbọdọ̀ ké nínú ilé yìí. Gbé àáké wá."

Ìyá sáré jáde láti ìdí ààrò. "Àáké kẹ̀? Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Òjò ti ń ṣú. Tí igi bá fi tutù, kí la fẹ́ fi dáná sí ààrò?" Ó ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ débi àáké. Ó dì í mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e. Irọ́ ni mo pa. Kékeré ni wọ́n ní kí n mú. Mo rò pé tó bá wúwo ni yóò ṣiṣẹ́, bíi ti àáké tí ẹ máa ń sọ. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀."

Bàbá tú apá aṣọ tó ti ká sókè sílẹ̀. Ó padà jókòó wọ̀ọ̀. "Òkè ni àáké ti ń já bọ́, ìwúwo ẹ̀ ló ń la igi. Ti ayùn yàtọ̀. Eyín ẹ̀ ló ń jẹ igi, ìwọ lò ń ru ìwúwo ẹ̀. Mo jẹ̀bi, mi ò ṣàlàyé ìyẹn fún ẹ. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn, èmi kọ́ ni mo kọ́ ẹ. Òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jọ gbé ayùn padà lọ. Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì gbóòórùn epo lára rẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Kí ni mo sọ fún ẹ?" Ó wo gèlè tó ya, ó wo bàbá tó fi ọ̀pá tilẹ̀. "Ìwọ lo jẹ́wọ́ fún bàbá ẹ, àbí wọ́n ká ẹ mọ́ ọn ni?"

"Òun ló jẹ́wọ́," bàbá dáhùn.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, n ó pààrọ̀ ẹ̀. Sátidé mẹ́ta lo máa fi bá mi fọ ẹ́ńjìnnì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kó o sì jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún ẹ: bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Ọkàn Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúyẹ́ débi pé ó gbàgbé láti bínú orúkọ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó yọ igi kọ̀ọ̀kan kúrò lára ìyókù, ó gbé e sórí ìtì igi kan, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ayùn kékeré sì ń jẹ igi bí ẹni ń jẹ búrẹ́dì. Apá rẹ̀ kò gbọ̀n. Ariwo yọjú lójú ọ̀nà.

"Bíńtín yẹn náà nìyẹn?"

"Òun náà ni. Wọlé wá kó igi."

Ariwo wọlé, ó kó igi títí ó fi làágùn. Bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe ń gé e ló ń yé e pé ohun tó bá agbára ẹni mu kì í ṣe ohun ìtìjú, àti pé ẹni tó bá ń ṣe nǹkan torí ẹ̀rín ẹgbẹ́, òun nìkan ni yóò ru ẹrù rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ bá ti lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ẹ fi kọ́gbọ́n.

Bàbá ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ́ńjìnnì náà, ó la ẹnu sílẹ̀. Ìyá dúró, ó ń wò ó. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, n kò rí i kó sùn nígbà tí igi ń bẹ nílẹ̀ rí."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pa ẹ́ńjìnnì. Bí gbogbo ilé ṣe dákẹ́ báyìí, bàbá ta jí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Igi ló tán."