Ibi Tí Ọta Ti Ba Àgbọ̀nrín

“Níbo ni ọta ti bà á?”

Bàbá mi kò tíì mí délẹ̀ tó fi bi mí. Ó ti sáré gun òkè láti ìdí igi tí òun náà lúgọ sí, ìrì sì ti mú kí ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tán ni. Etí mi ṣì ń hó nítorí ìró ìbọn.

“Ẹ̀yìn èjìká ni, bàbá mi,” mo dá a lóhùn. “Ẹ̀gbẹ́ ló kọ sí mi. Mo rí i kedere.”

Irọ́ funfun báláú ni. Ìdí ni àgbọ̀nrín náà kọ sí mi, ó ti ń bá tirẹ̀ lọ, ó sì ti kọjá igi tí bàbá mi sàmì sí. Káfíńtà ni bàbá mi. Bó ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára pákó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi sàmì sára igi kan nínú igbó yẹn, tó ní, “Ẹran tó bá ti kọjá ibí, kì í ṣe tìẹ mọ́. Jẹ́ kó máa lọ.” Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ yìnbọn sí ẹran tó kọ̀dí sí mi. Mo mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni mowó. Síbẹ̀, mo yìnbọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sún mi débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, èmi nìkan sì ni ọmọbìnrin tó ń lọ sígbó ọdẹ ní kíláàsì wa. Atamátàsé ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé mo lè to agolo márùn-ún sórí ògiri kí n sì yìnbọn lù wọ́n níkọ̀ọ̀kan láì tàsé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti inú igbó bọ̀ lọ́wọ́ òfo lọ́sẹ̀ méjì léraléra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Àgbọ̀nrín kì í ṣe agolo o!” Ni mo bá fọ́nnu lọ́jọ́ Ẹtì pé bó bá di ọjọ́ Ajé, wọn yóò rí fọ́tò ìwo rẹ̀. Àìmẹ́nu, àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bàbá mi gbọ́ èsì mi, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ̀yìn èjìká? O káre, ọmọ mi.” Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Inú rẹ̀ dùn gan-an, nítorí pé iṣẹ́ pákó ti dẹ̀ lọ́dún náà, firísà wa sì ti ṣófo. Àgbọ̀nrín kan péré ni ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìjọba fún wa gbà wá láàyè láti pa lọ́dún. Òun ni màmá mi fẹ́ fi gbọ́ bùkátà ọbẹ̀ títí di ìgbà tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan yóò fi san owó àga tí bàbá mi bá a kàn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ìbéèrè yẹn fi ṣe pàtàkì. Ẹni tó yìnbọn nìkan ló rí bí ẹran ṣe dúró, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni àwọn yòókù máa tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn èjìká ni ọta bà, ẹran náà kò ní rìn jìnnà. Ká dúró fún ìdajì wákàtí, ká sì lọ gbé e. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ikùn, a gbọ́dọ̀ jókòó fún wákàtí mẹ́fà, kó lè dùbúlẹ̀ nítòsí, kó sì kú síbẹ̀. Ẹni tó bá kánjú tọ̀ ọ́ yóò lé e dìde ni, yóò sì gbé ìrora rẹ̀ sá lọ sí ibi tí ojú ò tó.

Bàbá mi fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé létí igbó. Ọgbọ̀n ọdún ni màmá yìí fi ṣọ́ igbó ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Aṣọ́gbó ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Ó dé pẹ̀lú ajá rẹ̀ tó máa ń tọ ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀.

“Atamátàsé,” ó kí mi, “báwo ló ṣe fò nígbà tí ọta bà á?”

Mo rí i dáadáa. Ńṣe ló ká ẹ̀yìn kò bí ẹni tí inú ń run, tó sì ń rọra wọ́ lọ. “Ó fò sókè fíò, Màmá,” ni mo sọ, bí ẹran tí ọta bà lẹ́yìn èjìká ṣe máa ń ṣe. Irọ́ àkọ́kọ́ ti ń bímọ.

Nígbà tí ìdajì wákàtí pé, a bọ́ sọ́nà. A kò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ bàtà tí Màmá Aṣọ́gbó fi já ewé kan tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó gbé e símú. Ẹ̀jẹ̀ náà dúdú, koríko tí ẹran ti jẹ sì lẹ̀ mọ́ ọn.

“Àbúrò, ẹ̀jẹ̀ yìí ń rùn,” ó sọ fún bàbá mi. Ó wá kọjú sí mi. “Ṣé ó dá ẹ lójú pé ẹ̀yìn èjìká ni?”

“Ó dá mi lójú, Màmá.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ni bàbá mi wí. “Ọmọ mi kì í purọ́ fún mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ńṣe ni mo ń tẹ̀ lé wọn.

Ibi kan tí igi wíwó wà ni ajá ti gbó. Àgbọ̀nrín náà dìde níwájú wa, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Ó wo ẹ̀yìn, ó ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, ó sì já wọ inú igbó kìjikìji kí ẹnikẹ́ni tó lè gbé ìbọn. Níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ dúdú àti omi ikùn ti ṣe adágún sórí ewé. Ká ní a jẹ́ kó sinmi ni, ibẹ̀ ni ì bá kú sí.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀ka igi ló yí ọta dànù. Ẹ̀bi mi ni, n kò kọ́ ọmọ yìí láti yẹ ọ̀nà ọta wò.”

Kí bàbá mi máa tọrọ àforíjì nítorí irọ́ tèmi! N kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ewé tútù.

“Kò sí ẹ̀ka igi kankan, bàbá mi. Ó kọ̀dí sí mi. Ó ti kọjá igi tí ẹ sàmì sí. Mo sì rí i pé ó ká ẹ̀yìn kò. Irọ́ ni mo pa fún yín.”

Kò gbá mi, kò sì pariwo. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó yọ ọta inú rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ èjìká tirẹ̀. Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn fún mi.

“Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jókòó báyìí,” ni Màmá Aṣọ́gbó sọ. “Ó tì o, a ò tún ní kánjú.”

A jókòó di ọ̀sán. Òjò ṣú, ó sì rọ̀ kí àkókò tó pé, ó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ewé. Ajá náà ń yí kiri, kò mọ ibi tí yóò gbà. A wá a títí ojú ò fi ríran mọ́, èmi sì ń fi orúnkún wọ́ nílẹ̀ nídìí igbó tí wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ̀. Nígbà tí wọ́n ní ká lọ sílé, mo bú sẹ́kún.

Ní ọjọ́ kejì a padà. Màmá Aṣọ́gbó ní òùngbẹ máa ń gbẹ ẹran tí ọta bà níkùn, ká tọ etí odò lọ. Èmi ni mo rí i lọ́sàn-án, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ó ti wú, eṣinṣin ti bò ó. Bàbá mi tẹ ikùn rẹ̀, ó sì mi orí. Ẹran náà kò ṣeé jẹ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan la ní àṣẹ láti pa lọ́dún yẹn.

“Fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ rẹ̀,” bàbá mi wí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. “Gbọ́ mi dáadáa. Kò sí ọdẹ tí kì í tàsé, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí. Ọta tó ṣìnà, a lè bá ẹni tó yìn ín tún un ṣe. Ṣùgbọ́n irọ́ tí o pa ló jẹ́ kí ẹran yìí fi ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ jìyà, kò sì sẹ́ni tó lè tún ìyẹn ṣe. Tó bá kan màmá rẹ, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ fún un.”

Màmá mi ti nu firísà mọ́, ó ti pọ́n ọ̀bẹ méjì sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ẹyọ kan pamọ́: bí mo ṣe yìnbọn, ohun tí mo rí, ohun tí mo sọ pé mo rí. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo sọ.

Màmá mi kò tíì bi ẹlòmíràn rí bóyá òótọ́ ni mo sọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbójú kúrò lára mi, ó wo bàbá mi lẹ́yìn mi, ó sì bi í pé, “Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?”

Mo dúró láàárín àwọn méjèèjì, mo ń retí kí bàbá mi jẹ́rìí mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá purọ́ fún àwọn tó gbà á gbọ́, òótọ́ rẹ̀ pàápàá yóò máa wá ẹlẹ́rìí kiri.