Ṣòkòtò Alága Ìkórè

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1956, Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Yábàá, ń wọ ṣòkòtò tuntun tí yóò fi ṣe alága ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹsẹ̀ kò wọlé.

"Yẹ̀kínnì, o gé e kéré."

Yẹ̀kínnì, télọ̀ ará Muṣin, tún fi téèpù wọn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n ọjọ́ Ajé ni mo gé. Ẹsẹ̀ yín ló dàgbà."

Hilda, ìyàwó ilé, kò rẹ́rìn-ín. Oṣù tó kọjá ni dókítà sọ pé kíndìnrín ọkọ rẹ̀ ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wa. Oògùn, oúnjẹ tí kò níyọ̀ àti ìsinmi ni wọ́n fún un. Nítorí pé ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó sùn, Nọ́ọ̀sì Caroline kọ́ ọ ní nǹkan kan sí i:

"Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí àga, ẹ dẹ èjìká. Ẹ fi imú fa èémí sínú dáadáa, ẹ wá fi ẹnu tú u jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kì í wo kíndìnrín o. Ọkàn ló ń fi balẹ̀, kí ẹ lè sùn, kí ẹ lè fara da ìtọ́jú."

Ọjọ́ méjì ló ṣe é, oorun sì kùn ún. Ní ọjọ́ kẹta, Àmúdàtù aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé: "Bàbá Àràmídé, ta lẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí?"

Láti ọjọ́ náà ni alága ti dẹ́kun mímí lójú ènìyàn. Ojú rẹ̀ tó ń wú ńkọ́? "Ẹ ti ń sanra" ni wọ́n ń kí i. Ó ń gbà á bí ẹni gba oyè.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, Hilda fà á wọ yàrá. "Ẹ jẹ́ ká padà sọ́sípítù lónìí. Téèpù kì í purọ́."

"Lẹ́yìn ìkórè. Ṣé kí ìjọ gbọ́ pé alága wọn ń nà gbalaja bí abiyamọ ni?" Ó jáde sí Yẹ̀kínnì. "Tú u, kó o fi aṣọ kún un."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èémí rẹ̀ ń já. Hilda di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ẹ bá mi fẹ́ ẹ̀kọ yẹn, díẹ̀díẹ̀." Ó fẹ́ ẹ. Ìpayà ojú rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé ọ́sípítù.

"Ká ní Ọjọ́bọ̀ lẹ ti wá ni," Nọ́ọ̀sì Caroline wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Yẹ̀kínnì mú ṣòkòtò náà wá. Ó bá a mu wẹ́kú. Òun ni wọ́n fi sin ín.

Ìwọ tí ń kà á, bí ojú tàbí ẹsẹ̀ rẹ bá ń wú, má dúró gba ìkíni, gba ọ́sípítù lọ. Bó bá sì jẹ́ pé kíndìnrín ni, yálà oògùn lò ń lò tàbí ẹ̀rọ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ, máa wá àyè jókòó, kó o mí. Jẹ́ kí aládùúgbò rí ọ níjòókòó. Wọn ò kúkú ní í ṣàì rí ọ nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọ kọjá.