Ilẹ̀kùn Ọ̀tún Ọkọ̀ Alàájì Ràmọ́nì

Ẹsẹ̀ ni Sùrájù kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ obìnrin, méjèèjì nà jáde lábẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ níwájú ilé wọn ní Ṣómólú. Bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ kan, èkejì ti bọ́ sínú eruku.

Ó rò pé ọkọ̀ ti tẹ ẹnìkan mọ́lẹ̀ láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀. Kó tó lanu, ọwọ́ kan nà jáde.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú tọ́ọ̀ṣì tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn.”

Ó mú un fún un. Ìgbà tó yá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọkọ̀ bàbá òun ni, òun ló sì yẹ kó máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Nígbà tí obìnrin náà rá jáde, eruku kún irun rẹ̀, epo ọkọ̀ sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rẹwà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tán níbẹ̀: ó rẹwà gan-an. Ṣùgbọ́n ojú tó fi wo Sùrájù kì í ṣe ojú tí èèyàn fi ń wo ẹni tó báni mú tọ́ọ̀ṣì. Ojú tí oníbodè fi ń wo àpótí onífàyàwọ́ ni.

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ tà á?”

“Bàbá mi ni. Èmi ń jẹ́ Sùrájù.”

“Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ tà á?”

“Ìlú le, sìstá.”

“Ìlú le fún gbogbo wa. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń ta ọkọ̀.”

“Kì í ṣe gbogbo wa ló rí ọkọ̀ tà,” Sùrájù fèsì, ó sì rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rín in.

Tabitha Ògúnmọ́lá lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ń to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, òun àti ìyá rẹ̀ sì ń gbé ní Bàrígà. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba padà nígbà náà, wọ́n ń to gbogbo ayé sórí ìlà nítorí mílíìkì àti ọṣẹ, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn eruku aṣọ. Ìyá Tabitha wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Owó tí wọ́n fi sìn ín wálé ló fẹ́ fi ra ọkọ̀ tí wọn yóò máa fi ṣe kábúkábú, kí òun àtọmọ lè rí jẹ. Bó bá lọ jẹ́ ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá rí, tí wọ́n kàn rọ jọ, owó ọ̀hún ti lọ nìyẹn, kò sì sí òmíràn.

Nítorí náà Tabitha yẹ ọkọ̀ wò. Ó ki ìka bọ àlàfo ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n dọ́gba. Ó ṣí rọ́bà etí ilẹ̀kùn, ó ń wá ibi tí ọ̀dà tuntun bá ta sí. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù, ó ń fọwọ́ wá ojú ibi tí ajórin ti fọwọ́ kàn. Ó wo àwọn nọ́ọ̀tì bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá sípánà ti tú wọn rí. Nígbẹ̀yìn ó mú òòfà kékeré kan jáde nínú báàgì, ó fi áńkáṣíìfù wé e kó má baà ha ọ̀dà lára. Ibi tó bá jẹ́ irin, òòfà á lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n bá fi pọ́tì, tí kì í ṣe irin, dí, á yọ̀ bọ́.

Òòfà lẹ̀ káàkiri ara ọkọ̀. Nígbà tó dé ilẹ̀kùn ọ̀tún níwájú, ó yọ̀. Tabitha gbé e padà, ó tún yọ̀.

“Kí ló kọlù ú níbí?”

“Géètì ni. Géètì ló ha á.”

“Géètì wo ló ń ha ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí kò kan ara yòókù?”

“Géètì tiwa ní ìwà tiẹ̀.”

Tabitha yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí i pé òun fẹ́ rẹ́rìn-ín. “Mò ń padà bọ̀,” ó ní, bí ọlọ́pàá ṣe ń sọ ọ́.

Ó padà wá lóòótọ́. Ó wá láàárọ̀ kan pé òun fẹ́ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ró bó bá tutù. Ó tún wá lọ́jọ́ mìíràn pé òun gbàgbé láti wo ìsàlẹ̀ àga ẹ̀yìn. Sùrájù, tó ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bàrígà, bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ti ṣọ́ọ̀bù wálé, ó sì ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa. Òun náà ń fura: ó ń fura pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Nígbà tí òjò ńlá kan ń bọ̀, Tabitha sáré dé, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá omi ń wọ inú ọkọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sínú rẹ̀, òjò ń lu òrùlé, omi ò sì wọlé.

“Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn àtimáa wò ó tó báyìí,” Sùrájù ní, “ẹ jẹ́ ká má tà á mọ́, kẹ́ ẹ lè máa wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.”

“Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn?”

“Oníbàárà kan ló kù mí kù. Àwọn tó kù rí ẹsẹ̀ yín lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n sá lọ.”

Tabitha rẹ́rìn-ín, ó rín in dọ́kàn. Sùrájù kò gbọ́ ẹ̀rín náà rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ò fẹ́ gbé ilé tí ẹ̀rín náà ò bá sí. Bí ìfẹ́ ṣe mú un nìyẹn.

Bóyá òjò ló jẹ́ kí Tabitha sọ ohun tí kì í sọ fún èèyàn. “Bàbá mi ra ọkọ̀ kan tó ń dán,” ó ní. “Wọn ò mọ̀ pé ọkọ̀ méjì ni wọ́n gé tí wọ́n jó pọ̀. Ọ̀nà Ìkòròdú, nítòsí Palmgrove, ló ti já sí méjì mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Ẹni tó tà á fún wọn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ó búra, bọ̀ọ̀dá Sùrájù. Bíbélì ló fi búra.”

Sùrájù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Tabitha kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

“Ẹ sọ òótọ́ fún mi,” ó ní. “Kí ló kọlu ilẹ̀kùn yìí?”

Òótọ́ ti dé orí ahọ́n Sùrájù. Ó gbójú sókè wo fèrèsé, níbi tí bàbá rẹ̀ ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Ó gbé òótọ́ náà mì.

“Alùpùpù kan ló rọ́ lù ú,” ó ní.

Tabitha fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. “Géètì ni lọ́jọ́sí.”

Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sínú òjò, ó sì lọ.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkọ̀ náà ò dáa. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó ti rí i tó kọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò sì tíì rí i kó sunkún nítorí ọ̀kankan nínú wọn. Kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kejì ó wé gèlè, ó gba Ṣómólú lọ láìsọ fún un, ó ní òun á fetí ara òun gbọ́ irú èèyàn tó ń ta ọkọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa. Bí ìyálọ́mọ kan bá wọ aṣọ tó mọ́ wọ àdúgbò, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé irú èèyàn wo ló ń gbé ilé báyìí báyìí, ṣé wọ́n ṣeé gbà gbọ́, kò sẹ́ni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ìwádìí ìgbéyàwó ló bá wá. Àwọn obìnrin àdúgbò bá gbé àga fún un, wọ́n ń já lu ọ̀rọ̀ ara wọn.

“Kò sí wèrè nílé wọn, Ìyá. Kò sí wárápá.”

“Sùrájù kì í mutí. Kò sọwọ́ sóbìnrin rí.”

“Àfi ọ̀rọ̀ ti Alàájì yẹn...” Sabina, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Sabina dákẹ́. Àfẹ́sọ́nà Sùrájù àkọ́kọ́ ti fi í sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀hún, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnu tiwọn tún ba èyí jẹ́.

Ìyá Tabitha padà sílé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. “Mo béèrè ẹni tó ń ta ọkọ̀, wọ́n ń ka àrùn fún mi,” ó ní. “Wọ́n yìn ín, wọ́n yìn ín, ó sú mi.”

“Kí ni Sabina fẹ́ sọ?”

“Wọn ò jẹ́ kó sọ ọ́.”

“Ẹ wò ó, Màámi, ẹ jẹ́ ká wá ọkọ̀ mìíràn,” Tabitha ní.

Àwọn ará àdúgbò kò lè pa ayọ̀ mọ́ra ní tiwọn. Wọ́n lọ bá Alàájì Ràmọ́nì, bàbá Sùrájù, wọ́n ní ìyá ìyàwó wá, àwọn sì ti bá a bo ọ̀rọ̀ ọ̀hún mọ́lẹ̀. Alàájì dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ràn ọmọ náà?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Mo ti bà á jẹ́. Mo parọ́ fún un.”

“Nítorí èmi ni o ṣe parọ́,” bàbá rẹ̀ ní. “Lọ wá bébà oníyanrìn tí wọ́n fi ń fá ọ̀dà.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí Tabitha àti ìyá rẹ̀ ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọkọ̀ náà dúró níwájú ilé wọn ní Bàrígà. Wọ́n ti fá ọ̀dà àti pọ́tì kúrò lára ilẹ̀kùn ọ̀tún, irin ìhòòhò ló kù. Ẹnìkan ti fi ìṣó fa ọ̀rọ̀ kan sára irin náà, ńlá, jinlẹ̀: OLÈ. Alàájì Ràmọ́nì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà nínú agbádá funfun, Sùrájù wà nídìí ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe wà á la gbogbo Ṣómólú já nìyẹn.

Bàbá arúgbó náà sọ̀ kalẹ̀.

“Ìyá Tabitha, ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Mo gbọ́ pé ẹ wá ṣe ìwádìí ọmọ mi. Ìdáhùn tí wọ́n fún yín ò pé, mo ní kí n wá parí rẹ̀. Akọ̀wé ni mí nílé ìkẹ́rùsí ìjọba. Nígbà tí àwọn sójà ń lé èèyàn, orúkọ mi wà nínú èyí tí wọ́n kà lórí rédíò. Wọn ò sọ ohun tí mo ṣe. Ilẹ̀ mọ́, mo bá èyí lára ọkọ̀ mi. Èmi ò jalè. Ṣùgbọ́n ẹnu mi nìkan lẹ ti gbọ́ ọ.”

Ìyá Tabitha kúnlẹ̀ kí i, ojú sì ń tì í. “Alàájì, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ni mo wá béèrè nípa rẹ̀.”

Alàájì fọwọ́ di òrùlé ọkọ̀ mú. Ó ti gbé ìtìjú rẹ̀ la ìgboro kọjá, kò sì sẹ́ni tó pè é.

“Ẹ ò wá lásán, Bàbá,” Sùrájù ní. “Èmi ò wá títorí ọkọ̀.” Ó kọjú sí Tabitha. “Rédíò oníbàárà ni mò ń tún ṣe nígbà tí orúkọ Bàbá jáde nínú rẹ̀. Nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ yìí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó bínú sẹ́ni tó kọ ọ́, ojú Bàbá ni mo kọ́kọ́ wò. Mò ń wò ó bóyá òótọ́ ni. Bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ohun tí mo fi pọ́tì bò nìyẹn, Tabitha.”

“Mo rí ọ lọ́jọ́ náà,” Alàájì ní jẹ́jẹ́. “Mo rí bó o ṣe wò mí. Mo ti dárí jì ọ́ kó o tó wọlé.”

Omi bọ́ lójú Tabitha. Ó mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, òun náà ò tíì wo ẹnikẹ́ni lọ́nà mìíràn, ó sì ti sú u. Ó fìka tọ ojú ọgbẹ́ inú irin náà títí dé òpin.

“Ṣé irọ́ mìíràn wà?” ó béèrè.

Sùrájù ronú. “Sáílẹ́ńsà rẹ̀ ti jẹrà. Wáyà ni mo fi so ó.”

“Mo ti rí ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo dákẹ́ kí n lè rí nǹkan padà wá wò ni.”

“Mùsùlùmí ni wọ́n o, Tabitha,” ìyá rẹ̀ ní.

“Mo mọ̀, Màámi.”

“Kó má di pé n ò sọ ọ́ ni.” Ó ti ń fa àga síta fún Alàájì.

“A máa kun ilẹ̀kùn yìí lọ́la,” Sùrájù ní, “kí Màámi tó gba ọkọ̀.”

“Ó di ọ̀la,” Tabitha ní. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó wọlé tòun ti aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó sì gbé apá lé ojú fèrèsé, lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an. “Gbé mi lọ sílé yín. Gba ibi tí èrò pọ̀ sí. Kí gbogbo àdúgbò yín rí i pé mo kà á, mo sì jókòó.”

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní ìwọ. Sùrájù gbọ́ ọ, ó sì wọlé sídìí ọkọ̀.

“Ṣé o ti wá gbà mí gbọ́?”

“Ó ṣì ku díẹ̀,” Tabitha ní, ojú rẹ̀ wà níwájú. “Màá máa yẹ̀ ọ́ wò lọ báyìí títí a ó fi darúgbó. Wà á lọ.”

Ó wà á lọ.