Àwòrán Ìlérí Lórí Ọ̀já

Nínú fọ́tò, ojú Ìlérí là kedere. Bàbá rẹ̀ ló yà á lọ́jọ́ tí a ra bàtà ilé ìwé tuntun fún un. Ó dúró ṣánṣán níwájú ilẹ̀kùn wa ní Dópẹ̀mú, ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Ṣùgbọ́n lórí aṣọ tí a tẹ fọ́tò kan náà sí, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo rán ìbora náà tán, ọmọ mi ti dijú.

Mo kọ́kọ́ rò pé aṣọ ló ká. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Kò ká. Ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti pàdé, jẹ́jẹ́, bíi ti ọmọ tí oorun ń gbé lọ.

Oorun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ rán ìbora náà. Ìlérí kì í sùn. Kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Sọ́ńdè tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní bárékè Ìkẹjà, tí gbogbo ayé ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Èmi àti òun wà ní Maryland lọ́jọ́ náà, à ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àǹtí mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin. Èrò ya lù wá, wọ́n gbé mi síhìn-ín, wọ́n gbé e sọ́hùn-ún, nígbà tí n ó fi wo ọwọ́ mi, òfìfo ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí a tó rí i. Wọ́n bá a ní fàráńdà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan tí kò jìnnà sí ilé wa, ó ń sùn, ọ̀já funfun kan tó ní etí búlúù ni wọ́n fi wé e. Ó ní obìnrin kan ló pọ̀n òun. Obìnrin wo? Kò mọ̀. "Ó ń pè mí ní Ànúolúwapọ̀," ohun tí ó ṣáà ń sọ nìyẹn. A kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a bi àwọn ará àdúgbò léèrè, Job ọkọ mi wá obìnrin náà dé ẹ̀yìn bárékè. A ò rí i. Mo fọ ọ̀já náà, mo ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, nítorí ìyá mi máa ń sọ pé aṣọ tó bá ti gbé ọmọ, a kì í sọ ọ́ nù.

Láti ìgbà náà, bí a bá ti pa iná, Ìlérí á dìde jókòó. Á kọjú sí ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń retí àlejò. Tí oorun bá jàjà gbé e, kì í pẹ́ tí á fi jí. Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pé orí tábìlì ló ń sùn sí ní kíláàsì. Ó rù débi pé mo ń rí egungun èjìká rẹ̀ lábẹ́ yúnifọ́ọ̀mù. Ni mo bá ní n ó rán ìbora kan fún un, alábùlẹ̀, tí a ó tẹ fọ́tò gbogbo wa sí, kí ó lè bo gbogbo wa mọ́ra, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Sùlíyá ni mo lọ. Ó ń ta aṣọ lọ́jà Agége, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Alábùlẹ̀ kẹ̀!" ó pariwo kí àwọn yòókù lè gbọ́. "Màmá Ìlérí, ìyàwó tíṣà! Ṣé ìjọba kò tíì san owó oṣù ni?"

"Sùlíyá, ta aṣọ fún mi, jẹ́ n gbọ́ràn. Funfun ni mo fẹ́. Kọ́tìnì gidi."

"Gbogbo èyí tí ẹ ń wò yìí, kọ́tìnì gidi ni."

"Mú ìṣáná wá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti tún dé. Ẹ máa jó ṣọ́ọ̀bù mi kanlẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Mo ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà kí wọ́n tó tì í pa, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi iná dán aṣọ wò. A ó yọ fọ́nrán òwú kan létí aṣọ, a ó ṣá iná sí i. Bí ó bá yọ́, tó ṣù jọ di kóró dúdú, tó ń rùn bí ọ̀rá, polísítà wà nínú rẹ̀. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á rọ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi aṣọ náà bo ọwọ́, a ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí a bá rí ìka wa kedere, kò ki tó, ojú ènìyàn tí a bá tẹ̀ sí i á lu ihò. Bó ti wù kí aṣọ dára tó, ẹ fi omi gbígbóná fọ sítáàṣì rẹ̀ dànù kí ẹ tó tẹ nǹkan sí i. Àwòrán tó bá jókòó lórí sítáàṣì, sítáàṣì ni á bá lọ.

Mo jó fọ́nrán títí mo fi rí pópílíìnì kan tó dára. Ó tó fún fọ́tò Job, fún tèmi, fún ti ìyá mi ní Adó-Èkìtì. Kò ku èyí tó lè gba ti Ìlérí. Èyí tí Sùlíyá tún gbé jáde, kóró dúdú ló dà.

Nígbà tí mo délé ni mo rántí ọ̀já inú àpótí.

Aṣọ dáadáa ni. Ojú rẹ̀ kúnná, ó ki, ó ti gba omi títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọdé. Mo yọ fọ́nrán kan, mo ṣá iná sí i. Ó jó bíi bébà, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kò rùn bíi bébà. Ó ń rùn bí ewéko tó ti pẹ́ nínú omi. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, omi náà sì dúdú, ó láwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ mo ti fọ ọ̀já yìí lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó ká a. Mo dà á nù, mo bu òmíràn, títí omi fi mọ́. Mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo gé igun kan níbẹ̀ tó fẹ̀ tó àwòrán.

Adégbénró ló bá mi tẹ̀ wọ́n, ọmọkùnrin kan tó ń tẹ fọ́tò sára ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn Allen Avenue. Ó máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ gbé aṣọ ọ̀rá wá síbí, àwo lẹ máa gbé lọ sílé," nítorí iná ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń yọ́ ọ di líle. Ó yẹ aṣọ mi wò, ó ní mo mọṣẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ gbígbóná lé wọn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ti Ìlérí, ó fọwọ́ kàn án, ó tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó yára fà á sẹ́yìn.

"Mà, ẹ̀rọ gbóná o. Kí ló dé tí aṣọ yìí tutù?"

Mo ní bóyá ó kù díẹ̀ kó gbẹ. Ó wò mí, ó sì ká aṣọ náà fún mi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi ìbora náà bo Ìlérí, ó sùn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ní ọmọ tí kì í sùn rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí i pé àwòrán ti dijú.

Nígbà tó yá, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí aṣọ. Níjọ́ kan, etí kan ni mo rí. Níjọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ bí ẹni tó gbá nǹkan mọ́ra. Àwòrán ti Job, tèmi, ti ìyá mi, kò sí èyí tó mira. Job wò ó títí. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ló sọ.

Bí àwòrán bá ṣe sùn ni Ìlérí ń sùn. Oorun tí mo fi ẹkún tọrọ wá di èyí tí n kò lè lé lọ. Oòrùn á yọ, n ó pè é, n ó mì ín, n ó fi omi tútù nù ún lójú, kò ní í jí. Lójoojúmọ́ ni ó ń pẹ́ sí i. Mo ká ìbora náà kúrò lára rẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́nú àpótí. Ó sùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, apá rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tó jí ní ọ̀sán gangan, mo gbé e lé ẹsẹ̀ mi, mo bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọmọ mi, kí lo máa ń rí lójú oorun?"

"Màámi yẹn ń pọ̀n mí lọ sílé wọn."

"Ṣé ilé wọn jìnnà?"

Ó yán. "Wọ́n ní a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Bí mo ṣe gbé ọmọ náà dé ọjà Agége, n kò mọ̀ ọ́n. Sùlíyá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀, ó rí ojú mi, ó pa á mọ́. Ó fà wá wọ ẹ̀yìn àwọn aṣọ tó gbé kọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dárúkọ ọ̀já, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ gé e?"

"Igun kan péré."

"Ẹ jẹ́ n bi yín," ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí ẹnì kan bá bá wa pọ̀n ọmọ, ṣebí a máa ń gba ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀? A ó dúpẹ́, a ó ní ó kú làálàá, òun náà á gba ọ̀já rẹ̀, á máa lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ta ló gba Ìlérí lẹ́yìn obìnrin náà?"

Mo fa Ìlérí mọ́ra.

"Màmá Ìlérí, bí kò bá sẹ́ni tó gbà á, a jẹ́ pé ó ṣì pọ̀n ọ́n."

Láti ibẹ̀ ni mo ti yà sílé mú ọ̀já àti ìbora, mo forí lé ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ìyá Rachael ló ń tọ́jú ibẹ̀, òun náà ló kọ́kọ́ rí Ìlérí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo bá a tó ń gbálẹ̀ nínú aṣọ àdúrà funfun rẹ̀, láìwọ bàtà. Mo ní kí ó sọ fún mi bó ṣe rí i gan-an, kó má fi ohunkóhun pa mọ́.

Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Ọmọ mi, ara yín kò yá nígbà náà ni n kò ṣe sọ ọ́. Ọ̀já yẹn ń kán omi tótó. Ṣùgbọ́n ọmọ gbẹ. Irun rẹ̀ gbẹ, aṣọ rẹ̀ gbẹ, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Òjò ò sì rọ̀."

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó sá gba ọ̀nà Òkè-Afá lọ́jọ́ náà, tí wọn kò mọ̀ pé omi ló wà níwájú, tó sì gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ.

"Àmì ẹsẹ̀ tútù wà lórí sìmẹ́ǹtì," ó tún sọ. "Láti géètì títí dé ibi tí ọmọ sùn sí. Ẹsẹ̀ obìnrin. Mo wá èyí tó fi padà lọ, n kò rí i."

Mo wo fàráńdà náà. Oòrùn ọ̀sán ràn sí i rekete, òfìfo ni. Ìlérí tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó lọ dúró níbi tí wọ́n ti bá a, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé afẹ́fẹ́ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé. Kò ṣubú.

Ó yé mi pé orúkọ ọmọ tirẹ̀ ló fi ń pe tèmi. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, n kò gbèrò rẹ̀.

"Ìyá Ànúolúwapọ̀, ẹ kú làálàá. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi. Ọ̀nà yẹn jìn, ọmọ náà wúwo, ẹ ò sì sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi ìyá rẹ̀ ti dé. Ẹ jẹ́ n gbà á, kí ẹ̀yìn yín lè sinmi. Ọmọ tiyín ń dúró dè yín."

Mo na ọwọ́ méjèèjì bí a ṣe ń gba ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ẹni, ọ̀kan lábẹ́ apá, ọ̀kan lábẹ́ ìdí. Ìlérí kò mira níbi tó dúró sí. Síbẹ̀, ìwúwo ọmọ bọ́ sọ́wọ́ mi. Ó gbóná, ó rọ̀, orí rẹ̀ ṣubú sí èjìká mi, omi tútù sì kán sí ọrùn ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni Ìlérí sáré wá dì mọ́ mi, ìwúwo méjèèjì sì di ọ̀kan.

"Màámi," ó ní, "ebi ń pa mí."

Mo yá abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ Ìyá Rachael, mo tú igun ọ̀já náà kúrò lára ìbora, mo rán an padà sí àyè rẹ̀ lára ọ̀já. Nígbà tí mo wò ó, ọmọ inú àwòrán ti lajú. Ṣùgbọ́n kò wo kámẹ́rà mọ́. Ó gbójú sókè sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọmọ ṣe ń wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ká ọ̀já náà sórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí Ìyá Rachael fi máa wá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ibi tó wà gbẹ táútáú.

Ìlérí ń sùn báyìí bí ọmọ, ó sì ń jí bí ọmọ. Ó tilẹ̀ ń bá mi jà kí ó tó lọ síbùsùn.

Àyè kan ṣófo lórí ìbora náà. Mo padà lọ bá Sùlíyá. Mo jó fọ́nrán, mo gbé aṣọ sí ìmọ́lẹ̀, mo fọ sítáàṣì rẹ̀ dànù títí omi fi mọ́ gaara. Kò bá mi ṣàwàdà, kò sì gba kọ́bọ̀. Èyí tó dára jù ni mo yàn, mo sì rán an síbẹ̀ láìtẹ ohunkóhun sí i. Ti Ànúolúwapọ̀ ni. N kò ní fọ́tò rẹ̀, n kò mọ bó ṣe jọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ bá mi pọ̀n ọmọ, ó yẹ kó ní àyè nínú ìbora wa.

Láàárọ̀ yìí tí mo gbọn ìbora náà láti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rí i pé àwọ̀ ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín aṣọ funfun náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kékeré kan. Etí kan. Lábẹ́ wọn, fẹ́ẹ́rẹ́, èjìká obìnrin, àti etí ọ̀já aláwọ̀ búlúù.

Mo tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́. N kò fẹ́ kí ọmọ náà jí.