Ògbufọ̀ Màmá Ìsánlú

Ewúrẹ́ márùn-ún ló wà lórí ẹní nígbà tí Lois gbójú sókè. Wọn ò tilẹ̀ kánjú. Méjì ń jẹ, ọ̀kan dùbúlẹ̀, àwọn méjì yòókù ń fi pátákò tẹ èyí tí wọn ò lè jẹ mọ́. Tòmátì tí Màmá Ameen ti fi ọjọ́ mẹ́ta gé, tó sá sínú oòrùn ọyẹ́ láàárín ọgbà, ti di ẹrọ̀fọ̀ pupa tí ìgbẹ́ ewúrẹ́ dà pọ̀ mọ́.

Màmá Ameen, obìnrin ará Katsina tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn, ló fi tòmátì náà ṣọ́ Lois kó tó lọ kí àwọn olóòkú ní Tudun Wada. "Lois, ìwọ ni mo fọkàn tán jù nínú ọgbà yìí," ló wí ní Hausa. "Bá mi wo ẹní mi, kó o sì ti géètì." Lois ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò ti géètì.

Fóònù ló gbé e lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kabala Costain, Yorùbá ni Pásítọ̀ Bíọ́dún fi ń wàásù, torí ará Kogi ló pọ̀ jù nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Gúúsù Kàdúná tó ń bá wọn jọ́sìn kò gbọ́ Yorùbá, torí náà wọ́n ń túmọ̀ ìwàásù sí Hausa. Láti ìgbà tí bàbá tó ń ṣe ògbufọ̀ tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Afaka, Lois, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló gba iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tí kì í yìn ín. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Pásítọ̀ máa ń fi kókó ìwàásù ránṣẹ́ sí i. Ti ọjọ́ náà ni "Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ láti gbọ́ràn sí Ọlọ́run lẹ́nu." Lois wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń ká ohùn ara rẹ̀ sínú fóònù, ó ń tẹ́tí sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń ká a. Ohùn tirẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́ ohùn ewúrẹ́.

Màmá Ìsánlú ló kọ́kọ́ jáde sí àwọn ewúrẹ́ náà, ọṣẹ sì wà lápá rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá. Màmá yìí ni ìyá bàbá Lois. Oṣù kan sẹ́yìn ló ti Ìsánlú wá láti máa wẹ Tolúwaṣẹ, ọmọ tuntun tí ìyá Lois bí. Ìyá àgbà náà ní òfin kan: Yorùbá nìkan ni kí wọ́n máa bá òun sọ. Bí ọmọ bá fi Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì kí i, kò ní dáhùn. Wíwò ni yóò máa wo onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí Lois àti Levi àbúrò rẹ̀ fi gbà pé Màmá ò gbọ́ Hausa kankan. Nígbàkigbà tí Màmá Ameen bá sì yà kí i, kí Màmá tó la ẹnu, Lois á ti bọ́ sáàárín wọn, á ti máa túmọ̀. Màmá á kàn máa wò ó, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Màmá fa ìgbálẹ̀ yọ, ó lé àwọn ewúrẹ́ jáde. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Màmá Ameen gba ẹnu géètì wọlé. Obìnrin náà dúró, ó wo ẹní, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ta ló ń wo tòmátì mi?" ó béèrè ní Hausa.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni Lois ì bá fi parí ẹjọ́ náà: èmi ni, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti búra pé bí òun bá tún gbọ́ ẹ̀sùn kan nítorí fóònù yẹn, òun yóò gbà á títí yóò fi jáde ìwé mẹ́wàá. Yàtọ̀ síyẹn, ojú ń tì í. Kí ni wọn yóò máa pe ògbufọ̀ Pásítọ̀ nínú ọgbà?

"Mo fi í sílẹ̀ fún Màmá wa," ó wí. "Mo lọ pọnmi."

Màmá Ameen kọjú sí ìyá àgbà. "Kaka, kí ló ṣẹlẹ̀?" Kaka ni àwọn Hausa ń pe ìyá tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Màmá Ìsánlú fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Lois ti dúró sáàárín wọn. "Màmá, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá àwọn lé ewúrẹ́."

Màmá wo ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, Lois?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó dáa. Sọ fún wọn pé inú ilé ni mo wà, ọmọ ni mo ń wẹ̀. Ká ní mo tètè rí wọn ni, ì bá má bàjẹ́ tó báyìí. Bá mi bẹ̀ wọ́n."

Lois yíjú sí Màmá Ameen, ó sì bọ́ sórí Hausa. "Màmá ní àwọn gbàgbé ni. Wọ́n ní ọjọ́ orí ti dé, àwọn kì í rántí nǹkan mọ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má bínú."

Ìbínú Màmá Ameen rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló fẹ́ bá arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń ra jà? "Allah Sarki," ló kàn wí, tàánútàánú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní rẹ̀. Màmá Ìsánlú fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó padà sídìí ọmọ. Ó ya Lois fúnra rẹ̀ lẹ́nu bí ó ti rọrùn tó. Irọ́ tó gba inú èdè méjì kọjá, ta ni yóò mú un?

Lọ́jọ́ kejì, ó túmọ̀ ìwàásù láìkọsẹ̀. Pásítọ̀ ní kì í ṣe èṣù oníwo ló ń dí wa lọ́wọ́ jù, ojú àwọn tó mọ̀ wá ni. A mọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́, àmọ́ a ò fẹ́ kí aládùúgbò rí wa ní ìhòhò. Lois sọ ọ́ ní Hausa tó dùn débi pé àwọn obìnrin Gúúsù Kàdúná ń mi orí. Màmá Ìsánlú wà ní ìjókòó kejì, ó tẹjú mọ́ ọn.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ìyá Lois, Rose, tó ń ṣe tíṣà ní Kamazou, bá Màmá Ameen pàdé lẹ́bàá kànga. Obìnrin náà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó má ṣe fi ọmọ tuntun sílẹ̀ fún Kaka nìkan mọ́, torí Kaka fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kì í rántí nǹkan. Ẹ̀rù ba Rose débi pé omi tó rù dà sí i lára. Ó wọlé, ó pe Lois.

"Ṣé lóòótọ́ ni Màmá sọ bẹ́ẹ̀?"

Lois wolẹ̀. Ilẹ̀kùn kejì nìyẹn tí Ọlọ́run ṣí fún un. "Bẹ́ẹ̀ ni Màmá wí," ó dáhùn.

Rose lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Màmá ń fi òróró pa ara ọmọ lọ́wọ́. "Lois ló túmọ̀ ohun tí mo sọ," ó wí. "Bi í léèrè."

"Mo ti bi í, Màmá."

"Kò burú."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí Màmá wẹ ọmọ mọ́. Rose ń gbé Tolúwaṣẹ lọ fún obìnrin kan tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ nítòsí iléèwé rẹ̀. Màmá á jókòó síwájú yàrá, á ká aṣọ ìpọnmọ, á tú u, á tún ká a. Lálẹ́ Tọ́sìdeè, ọmọ náà ké, Màmá sì fẹ́ dìde. Ó rántí, ó tún jókòó, ó ń wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ bóyá yóò gbà fún òun. Rose gbé ọmọ kọjá lọ. Lois ń jẹun lọ́wọ́. Ó ti àwo ẹ̀bà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀gbẹ́ni Richard, bàbá Lois, ò lè gbà á gbọ́. "Màmá tó ṣì ń ka Bíbélì láì lo awò?" Ó mi orí títí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dánrawò. Ó pinnu pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun yóò mú Màmá padà sílé lọ bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Màmá ò jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí òun kọ́kọ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni Lois ń gbàdúrà. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ kí òun la ẹnu. Kò rí ìdáhùn sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè pé. Pásítọ̀ pe Màmá síwájú, ó gbé makirofóònù fún un. "Ẹ máa sọ̀rọ̀, Màmá, Lois yóò túmọ̀." Lois ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

"Pásítọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi sinmi díẹ̀," ni Màmá wí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọ̀wọ́ ìjókòó àwọn ará Gúúsù Kàdúná, ó sì kí wọn ní Hausa.

Kì í ṣe Hausa àfetígbọ́ lọ́jà. Hausa tó dán, tó jinlẹ̀ ju ti Lois lọ. Àwọn obìnrin náà pariwo ayọ̀. Lois sún sẹ́yìn díẹ̀. Màmá ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ìyàwó tuntun ni òun nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Kàdúná, pé ọdún mọ́kànlá ni òun fi ta kúlíkúlí lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ tí ọkọ òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Kakuri, kí wọ́n tó kó padà sílé lọ bí bàbá Lois. Ó ní nítorí kí àwọn ọmọ ọmọ òun má gbàgbé èdè ilé ni òun kò ṣe fi Hausa dá wọn lóhùn. Ó dúpẹ́ nítorí Tolúwaṣẹ. Ó ní kí wọ́n máa fi ilé ọmọ òun sínú àdúrà.

Lois ń retí kó dárúkọ òun. Láti ọjọ́ Sátidé ni Màmá ti mọ̀! Ó gbọ́ gbogbo irọ́ náà létí ara rẹ̀, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko gbé e mì. Ṣùgbọ́n Màmá ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì na makirofóònù sí Lois.

"Gbà. Sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Lois gbà á. "Màmá ní ọdún mọ́kànlá ni àwọn fi ta kúlíkúlí ní Kakuri," ó bẹ̀rẹ̀. "Màmá ní..." Ó wo ojú Pásítọ̀, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó wo àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ akọrin tó máa ń fara wé e. Gbogbo ojú tí Lois ń bẹ̀rù ló pé síbẹ̀.

"Màmá gbọ́ Hausa," ó wí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. "Wọ́n gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Èmi ni Màmá Ameen fi tòmátì ṣọ́, èmi ni mo ń fi fóònù ṣeré tí ewúrẹ́ fi wọlé. Màmá ò gbàgbé nǹkan kan. Wọn ò sọ pé àwọn ń gbàgbé. Èmi ni mo purọ́ mọ́ wọn."

Bàbá Lois dìde dúró, ó tún jókòó, bí ẹni tí kò mọ èyí tí òun fẹ́. Rose ló kọ́kọ́ rìn. Ó gbé Tolúwaṣẹ gba àárín ìjókòó kọjá, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó dé iwájú pẹpẹ, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ọmọ lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Màmá sunkún.

Pásítọ̀ gba makirofóònù lọ́wọ́ Lois. "Ọlọ́run ti gbọ́ ọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a lè gbára lé. Lọ jókòó ná." Yàkúbù, ọ̀dọ́kùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ akọrin, ló túmọ̀ ìwàásù lọ́jọ́ náà. Ó ń kọsẹ̀, ó ń tún un sọ, àmọ́ ohun tí Pásítọ̀ sọ ló ń sọ. Ní ti fóònù, kí wọ́n tó délé, ó ti wà nínú àpò bàbá Lois.

Nírọ̀lẹ́, Màmá fúnra rẹ̀ ló mú Lois lọ sẹ́nu ọ̀nà Màmá Ameen. Nígbà tí obìnrin náà gbọ́ tí Kaka fi Hausa kí i, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lois kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Màmá Ameen ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ yín, Kaka," ó wí níkẹyìn, ojú sì tì í fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní kí Lois máa bọ̀ lẹ́yìn iléèwé lọ́jọ́ kejì, kó mú ọ̀bẹ dání.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gé tòmátì tuntun. Màmá ò lọ sílé mọ́; ó pọn Tolúwaṣẹ sẹ́yìn, ó jókòó tì wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta ni Lois tó lè bi í. "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?"

"Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni wọn ì bá tú sílẹ̀," ni Màmá dáhùn. "Ìwọ ì bá ṣì wà nínú ìdè irọ́ ẹ."

Nígbà tí wọ́n sá tòmátì tán, Màmá Ameen fẹ́ lọ sọ́jà. Lois nu ọwọ́, ó ń retí kó sọ pé kí òun máa wo ẹní. Obìnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó pe Basheerah, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń gbé yàrá ìpẹ̀kun. "Basheerah, bá mi ṣọ́ ẹní mi."

Ó dun Lois wọnú eegun. Ó ti mọ̀ báyìí pé gbígbọ́ràn sí Ọlọ́run lẹ́nu kò le tó bí wọ́n ṣe ń wí, bí a bá ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó gbà lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó sá fún un, ó sì wá ń san án díẹ̀díẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti géètì.